Ọmọ Tí Bàbá Rẹ̀ Wà Lórí Omi Kì Í Sáré

Ìgbà kọkàndínlógún rèé tí Kalolaine pe nọ́ńbà bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ohùn kan náà ló sì ń dá a lóhùn: wọn kò rí ẹni tó ń pè. Ó ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó tún yọ ọ́, ó tún pè é. Nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tí wọ́n kó ikọ̀ bọ́ọ̀lù wọn sí, àwọn ọmọbìnrin kan ń kọrin ìsìn, àwọn kan ń di irun fún ara wọn, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, àwọn ni Tonga. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, kí wọ́n ní òun ni Tonga! Kì í ṣe nǹkan kékeré o.

"Ta lò ń pè tó báyìí?" Lupe ló bi í. Lupe ni gólì wọn, ọmọ gìrìwò kan báyìí tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀. "Àbí o ti fẹ́ ọkọ ní Samoa ni? Sọ fún un kó fara balẹ̀, ká kọ́kọ́ na àwọn èèyàn ẹ̀ ná."

"Lupe, jẹ́ n gbádùn."

"O ò gbádùn. Ojú ẹ ti wọnú. Ó ti tó ọjọ́ méjì tó ò jẹun kánú. Àní ẹran inú agolo tí wọ́n fi ewé kókò wé pẹ̀lú omi àgbọn lánàá, o ní kí n bá ẹ jẹ ẹ́! Ìwọ?"

Kalolaine yí ojú sí ògiri. Kí ló fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún Lupe, ẹni tó jẹ́ pé bí o bá sọ ọ̀rọ̀ fún un lábẹ́ igi, ewé orí igi á ti gbọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni bàbá rẹ̀, Semisi, ti pè é láti Haʻapai, láti erékùṣù wọn. "Kalo! Mò ń bọ̀ wá wò ẹ́ o. Èmi àti Pauliasi ni. Ọkọ̀ ńlá ò ní kúrò níbí títí di Mọ́ńdè, mi ò sì lè máa gbọ́ ọmọ mi lórí rédíò bí ẹni tí wọ́n lé nílùú. A máa sùn ní erékùṣù Nomuka lójú ọ̀nà lálẹ́ òní. Tó bá fi máa di ọ̀sán ọ̀la, a ti gúnlẹ̀."

"Nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, Bàbá?"

"Ta ló pè é ní kékeré? Ọkọ̀ tó ń bọ́ ẹ láti kékeré!" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Má sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. O mọ̀ ọ́n. Tó bá ti gbọ́ pé mo wà lórí omi, á ní kó o jókòó, ó parí nìyẹn. Tí mo bá dé, á kàn bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni."

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí ni gbogbo wàhálà. Ní erékùṣù tiwọn, tí apẹja bá ti ti ọkọ̀ sómi, ọmọ rẹ̀ obìnrin á wá abẹ́ òrùlé jókòó sí. Kò ní sáré, kò ní fò, kò ní jó. Bí ọmọ bá ṣe ń ṣe nílé ni ọkọ̀ á máa ṣe lójú omi. Kalolaine ti jókòó bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà nígbà tó wà ní kékeré, tí kòkòrò á máa jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tí kò ní lè lé e. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé olú ìlú lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láti kàwé, ó ti ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bóyá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lásán ni. Èèyàn lè rò bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí, Màmá Eseta, kì í ṣe ẹni à ń fi ọwọ́ pa lórí. Ní ilẹ̀ wọn, bí bàbá bá ni ilé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni bàbá. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e. Èpè rẹ̀ lórí ọmọ àbúrò rẹ̀, kò sí àlùfáà tó lè yọ ọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kóòṣì wọn, Àǹtí Vika, fi lọ ń bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà kí Kalolaine gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ní kí ọmọ náà máa wọ ṣòkòtò gígùn tó lẹ̀ mọ́ra sábẹ́ péńpé. Ẹ wá sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé àbúrò rẹ̀ wà lórí omi.

Pauliasi tó wà nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ọmọ bíbí inú Màmá Eseta ni, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ogún ọdún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀... ẹ jọ̀ọ́, àbúrò ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, lọ bá a fọ́ àgbọn. Ìyá rẹ̀ gbà pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Bí Kalolaine ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà mì nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ kọjá. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó sá eré ìdárayá láàárọ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà pápá pé bàbá òun á yọ. Ọ̀sán pọ́n, kò sẹ́ni tó yọ. Ní aago mẹ́rin, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù, ó ń da àwọn igi àgbọn láàmú, gbogbo igi orí pápá ń hó. Ó yẹ kí Kalolaine sọ ọ́ nígbà yẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, Màmá Eseta á ní kó jókòó, Àǹtí Vika á sì fi ẹlòmíì sí ipò rẹ̀. Ọdún méjì ló ti fi ń sáré lórí iyanrìn nítorí ọjọ́ kan yìí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bàbá òun á dé lálẹ́. Nígbà tí kò dé lálẹ́, ó ní wọ́n ti dúró de atẹ́gùn ní Nomuka ni. Irọ́ kì í tán lẹ́nu èèyàn tó bá jẹ́ ara rẹ̀ ló ń pa á fún.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sí pápá, òun nìkan ni kò kọrin. Ó ń wo òkun láti ojú fèrèsé. Omi náà funfun lórí, ó ń ru. Ó ń ṣírò: ọjọ́ méjì. Kẹ́ẹ̀gì omi mímu mélòó ni wọ́n gbé?

Èrò ti kún pápá bámúbámú. Màmá Eseta wà níwájú pátápátá lórí àga tó gbé wá láti ilé, ó ró ẹní híhun tí àwọn ará Tonga ń ró sórí aṣọ mọ́dìí bí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, agbòòrùn lọ́wọ́. Ó fi orí pe Kalolaine.

"Ṣé o ti gbàdúrà?"

"Mo ti gbà á, Mà."

"Ṣòkòtò yẹn ò gùn tó. Ó dáa, lọ. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ Samoa yẹn fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo ti sọ fún gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi pé ọmọ mi ni nọ́ńbà méje."

Kalolaine fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn. Ó la ẹnu. Rẹfirí fọn fèrè pé kí wọ́n jáde wá, ó sì pa ẹnu náà dé.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa sá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ sókè sódò. Kò sẹ́ni tó lè lé e bá nínú gbogbo ikọ̀ náà. Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, Meliame tó jẹ́ olórí wọn gbá bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀, ó ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá, èrò sì hó yèè. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lu ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń rí ọkọ̀ tó ń lu omi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọkọ̀ fì. Ẹsẹ̀ òsì, ọkọ̀ fì. Ó rí bàbá rẹ̀ tó ń fi agolo gbọ́n omi. Ẹ gbà mí o! Ó dúró gbọnrangandan lójú eré, bọ́ọ̀lù yí jáde lọ ní tirẹ̀.

"Kalo! Kí ló dé?" Àǹtí Vika pariwo. "Ṣé ẹsẹ̀ ni?"

Ó mi orí. Láti ìgbà náà, rírìn ló ń rìn lórí pápá. Ọmọ Samoa tó ń ṣọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìyá àgbà, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, ọmọ náà já a sílẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù, ó gbé e kọjá, ó sì gbá a sáwọ̀n. Lupe jókòó sílẹ̀ nínú gólì, ó ń wo Kalolaine bí ẹni tí ọ̀rẹ́ dà.

"Ìwọ!" ló ké. "Ṣé àwòrán ni wọ́n fi ẹ́ ṣe níbẹ̀ ni? Sáré, jàre!"

"Mi ò lè sáré," ni Kalolaine sọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n lọ sinmi ní àbọ̀ eré, Àǹtí Vika dì í lápá mú, ó fà á sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Obìnrin kúkúrú tó lágbára ni, olùkọ́ ìṣirò ni láàárín ọ̀sẹ̀. "Sọ fún mi. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀, mo máa yọ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù, mo máa nà ẹ́."

Ni omijé bá bọ́. "Àǹtí, bàbá mi wà lórí omi. Ó ní àwọn á dé lọ́sàn-án àná. Wọn ò dé. Fóònù ò lọ."

Àǹtí Vika ò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti yọ fóònù, ó ti ń pe àwọn ọmọ ogun ojú omi, ó ń bi Kalolaine ní ibi tí wọ́n gbà àti àwọ̀ ọkọ̀, ó ń sọ ọ́ fún wọn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. Ẹnìkan ti lọ pe Màmá Eseta. Kalolaine rí i tó ń bọ̀, agbòòrùn ti wà ní pípadé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ ilẹ̀ wìnrìn wìnrìn. Kalolaine kúnlẹ̀ lórí koríko. Ẹ̀rù obìnrin náà bà á ju ẹ̀rù òkun lọ.

"Ìgbà wo ni Semisi kúrò nílé?"

"Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Mà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó pè mí."

"Ọjọ́bọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. "Ọjọ́bọ̀ ló pè ọ́. Òní Sátidé. O sì ń sáré."

Kalolaine kò lè gbé orí. Ó ń dúró de èpè. Orúkọ Pauliasi wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó wúwo bí òkúta. Bí o bá sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ wà nínú ewu, kì í ṣe ìròyìn lo sọ yẹn, nǹkan mìíì lo ṣe fún un. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Fèrè rẹfirí dún. Màmá Eseta na ọwọ́, ó sì fà á dìde.

"Wọlé lọ gbá bọ́ọ̀lù ẹ."

"Mà?"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń jókòó fún un. Ìjókòó tèmi ju tìẹ lọ. Wọlé."

Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Kò padà sórí àga rẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ó ká ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò sì mira mọ́. Àwọn ará Haʻapai tó wà láàárín èrò rí i, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí. Ìyá arúgbó kan kúrò lórí àga, òun náà jókòó sílẹ̀. Òmíì tẹ̀lé e. Kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, odindi apá kan pápá ti dákẹ́, wọ́n jókòó lọ súà.

Kalolaine sì sáré. Háà, ó sáré! Kò sáré bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, kì í sì í ṣe ayọ̀ ló ń lé e. Gbogbo ìgbà tó bá gba iwájú Màmá Eseta kọjá, ojú ìyá náà wà lápá òkun níbi tí kò ti lè rí nǹkan kan, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀, orúkọ Semisi ló ń pè. Semisi nìkan. Kalolaine á wá tún sáré kúrò níbẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sá fún ojú tí kò tiẹ̀ wò ó. Ní ìṣẹ́jú ọgọ́rin, ó ré àwọn méjì kọjá, ó gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín, Meliame sì fi orí kàn án sáwọ̀n. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Àwọn ọmọ ń fò mọ́ ọn, Lupe sáré láti ìdí gólì wá gbé e sókè.

"Mo ti dárí jì ẹ́!" Lupe ń ké sí i létí. "Kalo, mo ti dárí jì ẹ́!"

Kalolaine bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Eré parí bẹ́ẹ̀, ọ̀mì. Oòrùn ń lọ sílẹ̀. Èrò ò tú, nítorí pé ìyá kan jókòó sílẹ̀ tí kò dìde. Kalolaine lọ kúnlẹ̀ tì í. Ó ti pinnu pé òun á sọ ọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ohun kan." Ìyá náà ò yí orí. Ni fóònù Àǹtí Vika bá dún.

Gbogbo èèyàn rí ojú Àǹtí Vika bó ṣe là. "Wọ́n ti rí wọn! Wọ́n ti rí ọkọ̀! Semisi wà láàyè!" Ariwo ta, àwọn ìyá ń pàtẹ́wọ́, ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́. Àǹtí Vika gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, ó ṣì ń gbọ́ fóònù. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń kúrò díẹ̀díẹ̀. "Ó ní ẹ́ńjìnnì kú láàárọ̀ àná. Omi gbé wọn. Láàárọ̀ òní, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n rí erékùṣù kékeré kan lókèèrè, omi mímu ti tán, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà pẹ̀lú ẹ̀ di kẹ́ẹ̀gì òfìfo mú, ó ní òun á wẹ̀ débẹ̀..."

"Ọ̀dọ́mọkùnrin wo?" Màmá Eseta ló bèèrè.

Àǹtí Vika gbé fóònù kúrò létí. Orin ti dúró. Ìyá náà yí orí wo Kalolaine, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rí ìdáhùn náà níbi tó wà. Kò pariwo. Ó kàn tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìjókòó lákọ̀tun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n rí òkú Pauliasi ní etí erékùṣù náà. Ó wẹ̀ débẹ̀, àwọn òkúta etí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gòkè. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé! Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, Kalolaine ń pe nọ́ńbà tí kò lọ, Lupe ń bá a ṣeré ọkọ. Tó bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ì bá má bọ́ sómi rárá. Ó ń ṣírò rẹ̀ lọ, ó ń ṣírò rẹ̀ bọ̀, iye kan náà ló ń jẹ́.

Níbi ìsìnkú, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ìdílé àbúrò ìyá olóògbé ni ó rẹlẹ̀ jù. Ẹ̀yìn ni Semisi àti ọmọ rẹ̀ jókòó sí, nídìí iná, wọ́n ró ẹní tó ti ya kàlákàlá tó bò wọ́n dé àyà, eérú lára. Semisi ò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Àwọn tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé irun wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó jẹ́ obìnrin ló sì ń gé e. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kọrin tán, Màmá Eseta dìde pẹ̀lú sáàsì lọ́wọ́, ó wá sẹ́yìn níbi iná, ó sì dúró sẹ́yìn Kalolaine.

Irun ọmọ náà dé ìdí rẹ̀, kò sẹ́ni tó gé e rí. Ó kúnlẹ̀, ó di ojú. Ó ní ibí ni èpè náà máa ti bọ́, lójú gbogbo ìdílé, ó sì fẹ́ kó bọ́, kó lè mọ ibi tí òun wà. Irin tútù kan ọrùn rẹ̀.

Màmá Eseta tẹ̀ sí etí rẹ̀. Òórùn òróró àgbọn àti ẹkún ló wà lára rẹ̀.

"Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, àárọ̀ Sátidé lo gbọ́. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mà, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ni..."

"Àárọ̀ Sátidé. Mo ti bá bàbá ẹ àti kóòṣì ẹ sọ ọ́. Àwa mẹ́rin náà ni, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ó fọwọ́ kó irun ọmọ náà jọ. "Ìlú kékeré nìlú yìí. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á fojú lé ẹ wọnú òkun. Ọmọ kan ti bá omi lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi ti èkejì sí i."

Kalolaine fẹ́ dúpẹ́, kò lè dúpẹ́. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, kò mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀. Ẹkún gbé e, ó tẹ̀ síwájú, iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìyá náà fi ọwọ́ òsì dì í lágbọ̀n mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé irun náà.

"Gbé orí ẹ sókè," ló sọ, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Ó ku díẹ̀."